Kí ẹ tó ra piston tuntun: ìdáhùn fún ẹni tí jet ski rẹ̀ kọ̀ láti gbéra lórí omi

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra jet ski tòkúnbọ̀ kan, Yamaha WaveRunner XL700, ní nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn. Badore ni mo ti máa ń gbé e sínú ọ̀sà. Láti bí oṣù méjì ni kì í tètè jí mọ́, bí ó bá sì jí, kì í gbéra lórí omi bíi ti tẹ́lẹ̀. Mẹkáníìkì wa wọn compression (bí piston ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ le tó nínú sìlíńdà, psi ni wọ́n fi ń kà á): sìlíńdà iwájú mú 150 psi, ti ẹ̀yìn mú 95. Ó ní kí a pààrọ̀ ring (òrùka irin tó yí piston ká) ti ẹ̀yìn nìkan. Ẹlòmíràn ní kí n kúkú ra odindi ẹ́ńjìnì tòkúnbọ̀. Èwo ni kí n ṣe nínú méjèèjì, ṣé èmi fúnra mi sì lè ṣe é?

Ìdáhùn: Mo kí yín o. Kí n má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀: ẹ má pààrọ̀ ring ẹ̀yìn nìkan, ẹ má sì tíì ra odindi ẹ́ńjìnì. Ohun tí òǹkà tí ẹ fi ránṣẹ́ yìí ń sọ ni pé nǹkan kan ti ba sìlíńdà ẹ̀yìn jẹ́ tí kò fọwọ́ kan ti iwájú. Bí a kò bá mọ ohun náà, piston tuntun tí ẹ bá fi síbẹ̀ yóò kàn lọ bá ti àtijọ́ ni. Ring nìkan tí mẹkáníìkì yín fẹ́ pààrọ̀, fífi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá ni lójú tèmi.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rí i dájú pé 95 yẹn kì í ṣe irọ́. Ẹ tú plọ́ọ̀gì méjèèjì, kí ẹ so wáyà wọn mọ́ ara irin ẹ́ńjìnì kí iná má baà ba àpótí tó ń darí iná jẹ́. Ẹ rí i pé bátìrì kún, kí ẹnì kan fa ọwọ́ epo dé òpin, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa yí títí abẹ́rẹ́ géèjì kò fi ní gòkè mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí fa ọwọ́ epo yẹn, afẹ́fẹ́ kì í sì ráyè wọlé dáadáa, géèjì á wá ka ohun tó kéré sí òtítọ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ da ọ́ìlì bíi ṣíbí kékeré kan sínú sìlíńdà ẹ̀yìn kí ẹ tún un wọ̀n. Bí ó bá fò kúrò ní 95 lọ sí 120 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ring tàbí ògiri sìlíńdà ló ti jẹ. Bí kò bá kúrò lójú kan, ẹ fura sí top gasket (ìdí pẹlẹbẹ tó wà láàárín sìlíńdà àti orí ẹ́ńjìnì), tàbí kí ihò ti wà lórí piston. Sìlíńdà méjì tó wà lára ẹ́ńjìnì kan kò yẹ kí ó fi ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ yàtọ̀ síra. Tiyín ti kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta, nítorí náà, bí ẹ bá tún un wọ̀n tó sì jẹ́ bákan náà, ẹ́ńjìnì náà ní láti ṣí.

Kí ẹ tó ṣí i, ó yẹ kí ẹ mọ irú ẹ́ńjìnì tí ẹ ní. Two-stroke ni, sìlíńdà méjì, 701 cc lápapọ̀. Ìbú ihò kọ̀ọ̀kan jẹ́ 81 mm, ìrìn piston láti òkè dé ìsàlẹ̀ sì jẹ́ 68 mm. Kò ní valve lórí bíi ti mọ́tò, kò sì ní odò ọ́ìlì kankan lábẹ́. Abẹ́ piston fúnra rẹ̀, níbi tí crankshaft (irin yíyí tí piston ń tì) ń gbé, ni ó ti ń fa afẹ́fẹ́ àti epo wọlé tí ó sì ń tì í lọ sókè, ọ́ìlì díẹ̀ tó bá bá epo náà wọlé ni gbogbo ohun tó ń gba àwọn irin náà lọ́wọ́ ìjà ara wọn. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ráyè jò wọlé láti ibòmíràn, tàbí tí epo kò dé tó, iná inú sìlíńdà náà yóò gbóná kọjá ohun tí aluminium piston lè fara dà, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ péré. Kábúrétọ̀ méjì ni ẹ́ńjìnì yìí ní, sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ń jẹun láti inú tirẹ̀, ìdí nìyí tí ọ̀kan fi lè máa kú lọ tí èkejì sì wà ní pípé. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ibẹ̀ ni mo rò pé ọ̀rọ̀ yín wà.

Nígbà tí ẹ bá ti gbé orí ẹ́ńjìnì àti sìlíńdà kúrò, ẹ má tètè ju piston àtijọ́ nù. Ẹ gbé e jáde sínú oòrùn, ẹ yí i lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ kà á bí ẹni ń ka ìwé. Bí ìlà gígùn tó há bá wà ní ìhà ibi tí èéfín ń gbà jáde nìkan, tí aluminium sì ti yọ́ lẹ̀ mọ́ ògiri sìlíńdà ní ọ̀gangan ibẹ̀, ooru ló pa á: epo kò tó, tàbí omi tó ń tu ẹ́ńjìnì lára kò dé. Bí àpá náà bá jẹ́ mẹ́rin, tí wọ́n jìnnà síra dọ́gba yí piston ká, a jẹ́ pé piston náà wú kí sìlíńdà tó gbóná bá a. Ẹni tó ń fa ọwọ́ epo dé òpin kété tí ẹ́ńjìnì bá jí ló máa ń rí irú èyí, tàbí ẹni tí wọ́n bore sìlíńdà rẹ̀ (ìyẹn ni kí wọ́n fi ẹ̀rọ gbẹ́ ihò rẹ̀ fẹ̀ sí i fún piston tuntun) tó sì fún jù. Bí etí orí piston bá ti di kẹ́jẹkẹ̀jẹ bí igi tí ikán jẹ, ìbúgbàù tó ń ṣáájú àkókò ló ṣe é, epo tó ti pẹ́ jù nínú kẹ́ẹ̀gì sì wà lára ohun tó ń fà á. Bí ìhà tí epo ń gbà wọlé bá ti di ràdàràdà, tí kò dán mọ́, iyanrìn tàbí ìdọ̀tí ló bá afẹ́fẹ́ wọlé.

Ẹ tún wo orí rẹ̀. Lórí piston tó ń jẹun dáadáa, èédú dúdú bo àárín, ṣùgbọ́n ibi tí epo tuntun ń gbà wọlé láti ẹ̀gbẹ́ máa ń mọ́, ó máa ń dà bí ẹni pé wọ́n fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́. Bí orí piston ẹ̀yìn bá gbẹ, tó funfun tàbí tó pọ́n láti etí dé etí láìsí ibi kankan tó mọ́, nígbà tí ti iwájú ní àmì fífọ̀ yẹn, ẹ ti rí ẹlẹ́rìí yín: sìlíńdà ẹ̀yìn kò rí epo tó. Ìpẹtà lórí bearing (ohun tí crankshaft ń yí lé lórí) tàbí lára crankshaft ń sọ ìtàn mìíràn, pé omi ti wọlé rí tí ẹni tó ni ín kò sì lé e jáde ní ọjọ́ náà.

Mo ti jẹ ìyà èyí rí. Jet ski kan wá sọ́dọ̀ mi tí piston kan ti há. Mo pààrọ̀ piston méjèèjì, mo bore, ohun gbogbo dán, oníbàárà sì lọ tayọ̀tayọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì kò pé tó fi padà dé, sìlíńdà kan náà, àpá kan náà ní ìhà èéfín. Ìgbà náà ni mo tó tú kábúrétọ̀. Inú rẹ̀ lọ́hùn-ún, lábẹ́ ọmọrí tí a fi bọ́ọ̀tì kéékèèké dè, ni asẹ́ kan wà tí kò tóbi ju èékánná ọwọ́ ọmọdé lọ; ohun kan tó dà bí ẹrẹ̀ aláwọ̀ ewé ti dí i pa. Owó piston ẹlẹ́ẹ̀kejì, àpò ara mi ni mo ti san án. Nítorí náà, kábúrétọ̀ méjèèjì ni kí ẹ tú, kí ẹ pààrọ̀ àwọn rọ́bà pẹlẹbẹ inú wọn, kí ẹ fọ asẹ́ yẹn, kí ẹ sì pààrọ̀ gbogbo ọ̀pá rọ́bà tí epo ń gbà kọjá bí wọ́n bá ti le tàbí tí wọ́n ti ń rọ̀ jù. Ẹ wò ó bóyá ẹni tó tà á fún yín ti yọ pọ́ǹpù ọ́ìlì kúrò, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ṣe máa ń ṣe. Bí ó bá ti yọ ọ́ tí ẹ kò sì mọ̀, epo lásán láìsí ọ́ìlì ni ẹ ti ń dà sínú rẹ̀ láti ọdún kan, iyanu gbáà ni bí ó ṣe pẹ́ tó báyìí.

Ohun kejì tí a máa ń fò dá ni jíjò afẹ́fẹ́. Ẹ ṣe é kí ẹ tó tú ohunkóhun, nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì wà ní pípé: ẹ dí ojú ibi tí kábúrétọ̀ ń jókòó àti ojú ibi tí èéfín ń gbà jáde pẹ̀lú rọ́bà tó nípọn àti irin pẹlẹbẹ, ẹ dí ihò ọ̀pá kékeré tó ń gbé ìmí ẹ́ńjìnì lọ sí ibi tí a ti ń fa epo, kí ẹ wá fi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ tó ní géèjì fún un ní afẹ́fẹ́ díẹ̀, láàárín 5 sí 8 psi, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ dúró wò ó. Bí ó bá ń dín ju 1 psi lọ ní ìṣẹ́jú kan, ẹ fi ọṣẹ olómi kun gbogbo ojú ìpàdé irin, kí ẹ sì wo ibi tí yóò ti máa hó. Oil seal (rọ́bà tó ń dí ojú ibi tí irin yíyí ti jáde) tó wà ní ìdí crankshaft ni ọ̀daràn tó wọ́pọ̀ jù, pàápàá lára jet ski tó ti pẹ́ nílẹ̀ láìṣiṣẹ́ kí wọ́n tó kó o wọ ọkọ̀ òkun. Bí seal bá ti ń jò, a ó já abẹ́ ẹ́ńjìnì, iṣẹ́ náà sì ti kọjá ti òkè nìkan nìyẹn. Ó dára kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó náwó sórí piston.

Nígbà tí sìlíńdà bá ti kúrò, ẹ di rọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan (irin tó so piston mọ́ crankshaft) mú, kí ẹ gbìyànjú láti fà á sókè kí ẹ sì tì í sísàlẹ̀ lójú ibi tó ga jù. Kò gbọdọ̀ mi rárá ní ọ̀nà yẹn. Ó lè rìn díẹ̀ sí ọ̀tún àti sí òsì, ìyẹn kò burú. Ẹ yí crankshaft díẹ̀díẹ̀ kí ẹ tẹ́tí sí i: bí ọwọ́ yín bá mọ̀ ọ́n bí ẹni ń lọ iyanrìn, bearing ti lọ. Ọ̀nà ìtẹ̀mọ́ra ni wọ́n fi so àwọn ẹ̀yà crankshaft yìí pọ̀, nítorí náà bí omi bá ti kún sìlíńdà rí tí ẹnì kan sì fi tipátipá jí i, ó lè ti lọ́ kúrò lójú ibi tó yẹ kó wà, tí àwọn piston méjèèjì kò ní máa dé òkè ní àkókò tó yẹ mọ́.

Ẹ lè máa rò ó bóyá ti ẹ̀yìn nìkan tó. Sìlíńdà méjèèjì wà nínú irin kan ṣoṣo lára ẹ́ńjìnì yìí, ẹ kò lè gbé ọ̀kan kúrò kí èkejì má ṣí. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé gasket tuntun àti wàhálà kan náà ni, kò mọ́gbọ́n dání kí ẹ dá piston iwájú tó ti gbó padà sí ẹ̀gbẹ́ tuntun. Méjèèjì ni kí ẹ ṣe, kí ẹ sì bore méjèèjì sí ìwọ̀n kan náà. Oore tó wà lára 701 yìí ni pé irin dúdú ni ògiri sìlíńdà rẹ̀, kì í ṣe ìpara tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi bo aluminium bíi ti àwọn ẹ́ńjìnì mìíràn, nítorí náà ó gba bore. Láti 81.00 ẹ lè lọ sí 81.25, tàbí kí ẹ lọ sí 81.50 bí àpá náà bá jìn.

Ẹ fi géèjì wọn ihò kọ̀ọ̀kan ní ìpele mẹ́ta, òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, ní ìgbọọrọ àti ní ìbú. Bí ìyàtọ̀ bá ti ń sún mọ́ 0.05 mm, èmi kì í bá a jiyàn mọ́, bore ni. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí èyí dáadáa: piston ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí ẹ sì gbé e lọ fún ẹni tí yóò bore. Àlàfo tó yẹ kó wà láàárín piston àti ògiri wà nínú ìwé tó bá piston náà wá, piston tí wọ́n fi òòlù tẹ̀ sì ń fẹ́ àlàfo tó pọ̀ ju èyí tí wọ́n dà nínú àpẹẹrẹ lọ, torí pé ó máa ń wú jù. Ẹni tó bá bore láìrí piston, ó ń rán aṣọ fún ẹni tí kò wọ̀n ni.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bore mọ́tò kì í ṣe nítorí pé ẹ́ńjìnì mọ́tò kò ní irú rẹ̀. Ògiri sìlíńdà two-stroke ní àwọn ihò tó dà bí fèrèsé. Lẹ́yìn bore, etí àwọn fèrèsé yẹn máa ń mú bí abẹ, ring yóò sì kọ́ ọ nígbà tó bá ń sáré kọjá. Ẹ rí i pé ó fi fáìlì kékeré tàbí òkúta ìpọ́n bẹ́ gbogbo etí wọn díẹ̀ kó tó hone é, ìyẹn kó tó fi òkúta fa ìlà wẹ́wẹ́ sí ògiri rẹ̀. Nígbà tí ó bá délé, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́; epo pẹtiróò kì í kó ìyẹ̀fun irin kúrò, ńṣe ló máa ń tì í wọ inú àwọn ìlà hone. Ẹ máa fọ̀ ọ́ títí aṣọ funfun tí ẹ fi nù ún yóò fi jáde ní funfun, lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi ọ́ìlì pa á lójú ẹsẹ̀ kó má baà pẹtà.

Ẹ ti ring nìkan sínú ihò náà, kí ẹ fi orí piston tì í kó lè dúró gbọọrọ, kí ẹ sì wọn àlàfo tó wà láàárín ẹnu rẹ̀ méjèèjì. Ìwọ̀n tí mo ń lò ni 0.1 mm fún gbogbo 25 mm ìbú ihò, èyí tó fún 81 mm ní nǹkan bí 0.32. Bí kò bá tó 0.2, ẹ má fi sí i. Yóò wú pàdé ara rẹ̀ yóò sì há.

Ní ti títò ó padà, kí ẹ rántí pé ọfà orí piston ń kọjú sí ibi tí èéfín ń gbà jáde, pé ìṣó kékeré inú ojú ihò ring gbọ́dọ̀ bọ́ sí àárín ẹnu ring, àti pé circlip (òrùka kékeré tó ń di ọ̀pá inú piston mú) tuntun ni kí ẹ lò. Ti àtijọ́ kì í padà gbà mọ́ dáadáa. Kí ẹ tó fọwọ́ kan circlip kankan, ẹ fi àkísà tó mọ́ dí ẹnu abẹ́ ẹ́ńjìnì pátápátá, nítorí ó máa ń fò bí eéṣú, bí ó bá sì já síbẹ̀, ẹ ó tú gbogbo ẹ́ńjìnì láti wá a. Ẹnu circlip kọjú sí òkè tàbí ìsàlẹ̀ gan-an, kì í ṣe sí ẹ̀gbẹ́. Nígbà tí ẹ bá ń sọ sìlíńdà kalẹ̀ sórí piston, ẹ má yí i sọ́tùn-ún sósì bí ó bá há, ẹnu ring lè bọ́ sínú fèrèsé kan kó sì ṣẹ́. Ẹ gbé e sókè, ẹ fi ìka tún ring ṣe, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi gum kun top gasket. Láti àárín lọ sí etí ni a ti ń fún bọ́ọ̀tì orí, ní ìpele méjì, pẹ̀lú torque wrench (irinṣẹ́ tó ń fi hàn bí a ṣe fún bọ́ọ̀tì le tó), ní òǹkà tí ìwé ẹ́ńjìnì náà sọ.

Fún táǹkì àkọ́kọ́, bí pọ́ǹpù ọ́ìlì bá tilẹ̀ wà, ẹ po ọ́ìlì mọ́ epo ní 50 sí 1, ìyẹn ìdajì lítà nínú kẹ́ẹ̀gì 25. Bí ẹ bá ti lo jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní I-better-pass-my-neighbour rí, ẹ mọ iṣẹ́ pípo yìí; ṣùgbọ́n ọ́ìlì ibẹ̀ kọ́ ni ẹ ó lò, èyí tí wọ́n kọ TC-W3 sí lára fún ẹ́ńjìnì orí omi ni. Ẹ má dúró lójú eré kan náà fún ìgbà pípẹ́, ẹ má sì fa ọwọ́ epo dé òpin ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ títí táǹkì yẹn yóò fi tán. Lẹ́yìn bíi wákàtí 10, ẹ tún wọn compression, kí ẹ sì kọ òǹkà méjèèjì sí abẹ́ ìjókòó pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀.

Ní ti ẹ́ńjìnì tòkúnbọ̀ tí ẹnì kan ní kí ẹ rà, gbogbo àyẹ̀wò tí mo kọ sókè yìí náà ni ẹ ó ṣe fún un, torí ẹ kò mọ bí ẹni àkọ́kọ́ ṣe lò ó, kábúrétọ̀ àtijọ́ yín ni wọn yóò sì tún gbé lé e lórí. Bí crankshaft tiyín bá ti bàjẹ́ nìkan ni mo lè gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ lè ṣe iṣẹ́ òkè, ti piston àti sìlíńdà, fúnra yín bí ẹ bá ní sùúrù tí ẹ sì lè yá torque wrench àti feeler gauge (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń wọn àlàfo). Wíwọn ihò àti bore nìkan ni kí ẹ gbé fún oníṣẹ́.

Kò sì yẹ kí n gbàgbé omi. Omi ọ̀sà ní iyọ̀ nínú, ó máa ń pọ̀ sí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ náà a sì máa dí àwọn ọ̀nà tóóró tí omi ń gbà yí sìlíńdà ká. Nígbà tí ẹ bá ṣí i, ẹ fi wáyà rírọ̀ yọ gbogbo ohun tó bá dì síbẹ̀. Láti ìsinsìnyí lọ, bí ẹ bá ń fi omi ẹ̀rọ fọ inú rẹ̀ lẹ́yìn eré, ẹ jí ẹ́ńjìnì ná kí ẹ tó ṣí ẹ̀rọ, kí ó má ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ láìsí omi; bí ẹ bá sì fẹ́ parí, ẹ ti ẹ̀rọ kí ẹ tó pa ẹ́ńjìnì. Ẹni tó bá yí i padà, omi náà yóò gba ọ̀nà èéfín wọ sìlíńdà lọ.